Orúkọ Wo Ni Òfin Yóò Pe Ọmọ Náà? Ìrìn Ọjọ́ Mẹ́ta Ní Lọ́ńdọ̀nù

Ìrìn-àjò ni mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrìn afẹ́. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ kí ọmọ mi ọkùnrin tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ń ta aṣọ ní Gbági nílùú Ìbàdàn, wá bá mi nílé lálẹ́. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú bébà kan jáde tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló tẹ bébà náà. Àwòrán ọmọbìnrin kan wà lórí rẹ̀ tó wọ aṣọ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ẹnìkan tó dojú bolẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé láàárín oṣù mẹ́ta péré, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, yóò sì kọ́ iṣẹ́ ara wíwọ́ tí ń tú iṣan àti ẹran ara tó ti di kókó, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní neuromuscular massage. Owó tí wọ́n ń béèrè tó ohun tí ènìyàn fi ń ra ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú.

"Tíṣà," bí ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń pè mí nìyẹn, "owó àjọ mi yóò bọ́ sí mi lọ́wọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ọmọ mi ti ní òun fẹ́ lọ, kò sì jẹ́ kí n sinmi. Ṣùgbọ́n èmi kì í ra aṣọ tí mi ò bá fọwọ́ tú. Nígbà tó o bá dé ọ̀hún, bá mi fọwọ́ tú kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí wò."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, tí mo fi bébà náà han ọmọ mi, ó ní kí n má tíì lọ síbẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ wo ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá, kí n tó lọ wo ibi tí wọ́n ti ń tà á. Mo rí i pé ọmọ náà gbọ́n jù mí lọ lọ́jọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Westminster. Nígbà tí mo gun àtẹ̀gùn jáde, agogo ńlá tí gbogbo wa mọ̀ nínú àwòrán dúró gangan lókè orí mi. Mo bá àwọn èrò rìn dé orí afárá. Omi odò Thames rú bí omi Ògùnpa lẹ́yìn òjò. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà létí omi lápá kan, ilé ìwòsàn St Thomas' wà lápá kejì, wọ́n kọjú sí ara wọn bí àwọn méjì tó ń ta ayò.

Apá kan ilé ìwòsàn náà jẹ́ ilé tuntun, apá kan sì ti gbó. Bọ́ǹbù ogun Jámánì wó díẹ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ náà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹ ó rí i nínú àwọn tó kù pé wọn kò kọ́ wọn papọ̀. Àyè wà láàárín ilé kan sí èkejì kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ gba ojú fèrèsé kan wọlé kó gba èkejì jáde. Ìlànà tí Florence Nightingale fọwọ́ sí nìyẹn, nítorí ó gbà pé yàrá tí atẹ́gùn kò lè wọ̀ kì í jẹ́ kí aláìsàn gbádùn.

Gbogbo tíṣà ló ti kọ́ ọmọ nípa Florence Nightingale àti fìtílà rẹ̀. Ogun Crimea ló sọ ọ́ di olókìkí, nígbà tó kó àwọn nọ́ọ̀sì lọ tọ́jú àwọn ọmọ ogun ní Scutari, ní ilẹ̀ Tọ́kì, láti 1854 títí di 1856. Nínú ọgbà ilé ìwòsàn yìí ni wọ́n kó àwọn ohun ìrántí rẹ̀ sí. Mo rí irú fìtílà tí ó gbé. Mo rí òwìwí kan tó ń sìn, tó sọ ní Athena. Nígbà tí ẹyẹ náà kú, wọ́n kì í ní nǹkan sínú, wọ́n sì gbé e sínú gíláàsì, ojú rẹ̀ ń wo gbogbo ẹni tó wọlé. Mo rántí ìyá wa tó ti lọ. Bí ó bá jẹ́ pé àwa méjèèjì la jọ lọ, ìta ni ìyá ì bá ti dúró dè mí.

Ohun tí a kì í sábà sọ fún àwọn ọmọ iléèwé ni ohun tí obìnrin yìí ṣe lẹ́yìn ogun. Àwọn ará ìlú dá owó láti fi yẹ́ ẹ sí, owó náà sì lé ní £40,000. Kò fi kọ́lé, kò fi ra ilẹ̀. Ó fi dá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní St Thomas' ní ọdún 1860. Southwark ni ilé ìwòsàn náà wà nígbà náà. 1871 ni wọ́n ṣí èyí tó wà létí odò yìí.

Ọdún kan ni àwọn ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ náà fi ń kọ́ṣẹ́ nínú yàrá àwọn aláìsàn. Lóṣooṣù ni mátírónì ń kọ ìròyìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sílẹ̀: ṣé ó ń dé lásìkò, ṣé a lè fọkàn tán an, ṣé ara rẹ̀ mọ́. Wọ́n tún to iṣẹ́ ọwọ́ tí ó gbọ́dọ̀ mọ̀ lẹ́sẹẹsẹ: bí a ti ń di egbò, bí a ti ń yí aláìsàn tí kò lè dìde padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò, bí a ti ń fún un lóúnjẹ, àti bí a ti ń fi ọwọ́ ra ara àti apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Ara wíwọ́ ti wà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó so méjèèjì pọ̀ lórí bébà ẹ̀gbọ́n mi kò parọ́ níbi ìyẹn.

Mo jáde sínú ọgbà tó kọjú sí odò. Ère obìnrin dúdú kan wà níbẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni tí ń dojú kọ atẹ́gùn. Mary Seacole ni, ọmọ Jàmáíkà, tí òun náà tọ́jú àwọn ọmọ ogun ní Crimea. Nígbà tí wọn kò gbà á mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí ìjọba kó lọ, ó wá ọ̀nà ara rẹ̀ lọ. 1881 ni ó kú, 2016 ni wọ́n tó ṣí ère rẹ̀.

Bí mo ti ń wo ère náà ni mo gbọ́ ohùn ìyá àgbà kan lórí àga ẹ̀gbẹ́ mi, tí ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Ṣé ẹ̀gúsí náà kò tíì dé Peckham ni?" Ẹ̀yin ará, ta ni yóò gbọ́ irú èyí nílẹ̀ òyìnbó tí kò ní dúró?

Mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, mà."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, sà. Ẹ̀rín yín yìí, Ìbàdàn ni. Ẹ wá jókòó."

Nọ́ọ̀sì ni ìyá náà, ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Ó wá gba oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ni, ó sì jókòó láti sinmi. Mo fi bébà ẹ̀gbọ́n mi hàn án. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a padà sí mẹ́rin.

"Oṣù mẹ́ta," ó wí. "Tèmi tiẹ̀ jẹ́ ọdún méjì."

Mo ní kí ìyá jọ̀wọ́ là á yé mi.

"1967 ni mo dé ìlú yìí. Ọmọ ogún ọdún ni mí. Ilé ìwòsàn kan ní òkè ọ̀hún ló gbà mí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n fún mi ní aṣọ, wọ́n fún mi ní yàrá, wọ́n ní kí n fọwọ́ síwèé. Mo fọwọ́ sí i. Èmi rò pé nọ́ọ̀sì kan náà ni gbogbo nọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé oríṣi méjì ló wà. Àwọn kan ń kọ́ ọdún mẹ́ta, àwa ń kọ́ ọdún méjì. Iṣẹ́ kan náà là ń ṣe láàárọ̀, aṣọ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Ìgbà tí mo parí, tí mo kọ̀wé sílé pé mò ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́, ni wọ́n dá mi lóhùn pé ìwé ẹ̀rí tí mo gbà kò tó láti fi jẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ wọn. Bàbá mi sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò."

Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́ta, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ọdún márùn-ún ni mo fi ra ohun tí ọdún mẹ́ta tó rà. Mi ò sọ pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn burú o. Ọwọ́ tí mo fi ń wẹ aláìsàn nígbà náà, òun náà ni mo fi ń wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà. Orúkọ ni kò jẹ́ kí n lè gbé ọwọ́ náà lọ sílé."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe ìyá yìí nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní 1919 ni Ìlú Ọba ṣe òfin tí ó dá ìwé àkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wọ inú rẹ̀ ni State Registered Nurse. Ní 1943, wọ́n tún dá ìwé kejì sílẹ̀ fún àwọn tí ẹ̀kọ́ wọn kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí a wá mọ̀ sí State Enrolled Nurse. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin tó ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà àti erékùṣù Karíbíánì wá ní àwọn ọdún 1950 àti 1960 ni wọ́n darí sí ọ̀nà kejì yìí, òmíràn nínú wọn kò sì mọ ìyàtọ̀ títí ó fi parí. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá kò gba ìwé ẹ̀rí náà. Ìpele yìí ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Ìlú Ọba báyìí.

Ìyá náà nawọ́ sí ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn wa. "Ẹni tó mọ ohun tó ń bọ̀ wá gbà nìyá wa Mátírónì Pratt. Ibí yìí ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́."

Òótọ́ ni. Kofoworọlá Àbẹ̀ní Pratt ti ṣe tíṣà ní Èkó kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ní St Thomas' ní 1946. Kò rọrùn fún un. Aláìsàn kan tilẹ̀ kọ̀ pé nọ́ọ̀sì dúdú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òun. Ó fara dà á, ó sì gba orúkọ Registered. Nígbà tí ó padà sílé ní 1954, kò sí ẹni tó lè sọ pé ìwé rẹ̀ kò tó. Ní 1964, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírónì UCH ní Ìbàdàn, ipò tí àwọn òyìnbó nìkan ti ń jẹ ṣáájú rẹ̀. Ní 1973, ẹgbẹ́ Red Cross àgbáyé fún un ní àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fi orúkọ Florence Nightingale pè.

Mo wá bi ìyá léèrè nípa ìdajì kejì bébà náà. Mo ní, "Iṣẹ́ ara wíwọ́ ńkọ́, mà? Ìyẹn ṣáà rọrùn. Nílé wa, ta ni kò mọ bí a ti ń fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ tó ń dunni?"

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ wo?"

Mo ní ẹsẹ̀ èyíkéyìí.

"Ẹ gbọ́, Tíṣà. Ẹnìkan jókòó sínú ọkọ̀ òfuurufú fún wákàtí mẹ́fà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹsẹ̀ kan wú, èkejì kò wú. Ojúgun lẹ́yìn gbóná, ó ń ro ó. Ẹ ó wọ́ ọ?"

Mo ní n ó fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ọ dáadáa.

"Ẹ lè pa á. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan ẹsẹ̀ náà. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já, kó bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí eegun rẹ̀ lè ti sán, a kì í wọ́ ọ. Ẹni tí ibà ń ṣe, a kì í wọ́ ọ. Oṣù mẹ́ta tó láti mọ bí a ti ń wọ́ ara. Mímọ ìgbà tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án ló ń gba ọdún."

Mo rọra wo ẹsẹ̀ mi méjèèjì lábẹ́ àga. Wọ́n dọ́gba. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dágbére fún ìyá.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí òpópónà Euston, níbi tí ilé ìkàwé Wellcome wà. Ìwé ìtàn ìṣègùn ló kún inú rẹ̀, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kàwé. Níbẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ìwé àtijọ́ ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi ara wíwọ́ ṣiṣẹ́ pamọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kà fún yín, nítorí ọ̀rọ̀ ọlọ́jà wà nínú rẹ̀.

Ní 1894, àwọn ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù ń lẹ́ àkọlé "ara wíwọ́" mọ́ ẹnu ọ̀nà, iṣẹ́ aṣẹ́wó ni wọ́n sì ń ṣe nínú ilé. Ìwé ìròyìn àwọn dókítà, British Medical Journal, kọ̀wé láti kìlọ̀ fún aráyé. Àwọn obìnrin tí ń fi òótọ́ inú ṣe iṣẹ́ náà kò lè dárúkọ iṣẹ́ wọn láwùjọ mọ́. Ni obìnrin mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí bá dìde: Lucy Robinson, Rosalind Paget, Elizabeth Manley àti Margaret Palmer. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ṣe ìdánwò, wọ́n sì ṣe òfin. Ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ wọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí ó ṣe é. Kò gbọdọ̀ polówó ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn gbogbo ayé. Kò gbọdọ̀ ta oògùn fún aláìsàn. Àwọn tí ń tajà láàárín yín yóò mọ ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n fi òǹtẹ̀ sí ọjà wọn kí ayédèrú má baà bà á jẹ́.

Òǹtẹ̀ náà jẹ́. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, wọ́n kó 50 nínú irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ jọ láti máa wọ́ àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, iye wọn sì pọ̀ sí i gidigidi kí ogun tó parí. Ní 1920, ọba fún ẹgbẹ́ náà ní ìwé àṣẹ. Ní 1944, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Chartered Society of Physiotherapy. Àwọn tí à ń pè ní físíò lónìí nìyẹn. Lára ọwọ́ nọ́ọ̀sì mẹ́rin ni wọ́n ti jáde.

Èyí tí wọ́n ń pè ní neuromuscular kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Stanley Lief, tó ní ilé ìtọ́jú sí Champneys, nítòsí Tring, láti 1925, òun àti ìbátan rẹ̀ Boris Chaitow ló gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí: oníṣẹ́ yóò fi àtàǹpàkò rìn díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, bí ẹni tí ń wá òkúta nínú ìrẹsì. Ibi tó bá ti le bí okùn, tí aláìsàn sì ké "yéè," ibẹ̀ ni yóò tẹ̀, yóò dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ títí yóò fi dẹ̀, yóò sì tún máa lọ. Ní Amẹ́ríkà, dókítà obìnrin kan, Janet Travell, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé bí kókó tó wà léjìká ṣe lè máa dun ènìyàn lórí. Òun ni Ààrẹ Kennedy fi ṣe dókítà rẹ̀ ní 1961. Nítorí náà, iṣẹ́ náà kì í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òfin sọ. Ní Ìlú Ọba lónìí, ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí òfin yàn kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní físíò. Ẹnikẹ́ni ló lè pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ ara wíwọ́. Ní ti ìtọ́jú aláìsàn, nọ́ọ̀sì ń kọ́ ọdún mẹ́ta ní yunifásítì, ó sì ń lo apá púpọ̀ nínú rẹ̀ láàárín àwọn aláìsàn gan-an. Ipò kan tún wà ní England tí wọ́n ń pè ní nursing associate, ọdún méjì ni ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì ti ní àyè nínú ìwé àkọsílẹ̀ láti 2019. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ practical nurse ń gba nǹkan bí ọdún kan. Ẹni tó bá parí rẹ̀ yóò ṣe ìdánwò, ìpínlẹ̀ rẹ̀ yóò sì fún un ní ìwé àṣẹ. Ọ̀nà kúkúrú wà, ó sì ní orúkọ. Èyí tí kò lórúkọ rárá ni kí á bẹ̀rù.

Ní ọjọ́ kẹta, mo wá lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbà mí tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó fún mi ní tíì. Mo bi í ní ìbéèrè mélòó kan, kò sì parọ́ fún mi, mo gbà fún un.

Mo ní, "Bí ọmọ náà bá parí, orúkọ wo ni òfin yóò pè é?" Ó ní ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì ni yóò gbà. Mo ní, "Ṣé yóò wọ ìwé àkọsílẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì?" Ó ní rárá. "Ti àwọn físíò?" Rárá. Mo ní, "Ilé ìwòsàn wo ni yóò ti fọwọ́ kan aláìsàn?" Ó ní ara wọn ni wọ́n fi ń kọ́ ọ nínú kíláàsì. Mo ní, "Ṣé yóò lè fi í gba iṣẹ́ ní Nàìjíríà?" Ó ní òun kò lè sọ.

Ó jẹ́ kí n yọjú wo kíláàsì. Obìnrin kan tí ń tẹ èjìká ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ fún mi pé físíò ni òun láti ọdún mẹ́wàá, òun wá fi ọgbọ́n yìí kún tòun ni. Ìgbà náà ni ó tó yé mi yékéyéké. Fìlà ni ẹ̀kọ́ yìí. Fìlà dára lórí ẹni tó ti wọ bùbá àti ṣòkòtò. Ẹni tó dé fìlà láìwọ ẹ̀wù, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ọjà yóò pè é.

Mo tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ títí mo fi rò pé iná fóònù ti kú.

Ó ní, "Ṣé irọ́ ni wọ́n wá kọ sínú bébà náà ni?"

Mo ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ jóòótọ́. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni mo lọ wò."

Ó ní, "Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ." Ó mí kanlẹ̀. "Ọmọ náà yóò sunkún."

Ọmọ náà sunkún lóòótọ́, ọjọ́ méjì gbáko. Nígbà tí mo délé, mo pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo bi í pé nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ físíò, èwo gan-an ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó wò mí. Ó ní kò sí ẹni tó bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá rẹ̀ àti èmi, òun lòun máa ń wọ́ ọwọ́ wọn lálaalẹ́. Ó ní títí ìyá fi kú, òun kò mọ̀ bóyá ohun tí òun ń ṣe ń ràn wọ́n lọ́wọ́ tàbí ó ń dùn wọ́n, nítorí ìyá kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyẹn ni òun ṣe fẹ́ kọ́ ọ.

Kò sí èsì lẹ́nu mi. Èmi náà wà nínú ilé yẹn lálaalẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà tí àwọn òbí ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ yín, Lọ́ńdọ̀nù nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nínú àwọn ìlú tiwa náà, àkọlé ilé ẹ̀kọ́ "auxiliary nurse" wà káàkiri, àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà kò sì ka ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ sì má gbàgbé ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Igbobi ní Èkó ni àwọn òyìnbó méjì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ físíò ní Nàìjíríà ní 1945, nítorí àwọn ọmọ ogun tó fara pa. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì onídìgírì ní 1965, ó sì bẹ̀rẹ̀ ti físíò ní 1966. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan fún kọ́lẹ́ẹ̀jì èyíkéyìí, nílé tàbí lókè òkun, ẹ béèrè mẹ́ta yìí: Orúkọ wo ni òfin yóò pe ọmọ mi? Ìwé àkọsílẹ̀ ta ni orúkọ náà yóò wọ̀? Ọwọ́ ta ni yóò wà lórí ọwọ́ ọmọ mi nígbà tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan aláìsàn? Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí ẹ sì bi ọmọ náà fúnra rẹ̀ ní ìkẹrin: kí ló dé tó o fi fẹ́ ẹ?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ra fọ́ọ̀mù JAMB. Físíò ló kọ sí i. Fisiksi ni ó ń dà á láàmú, mo sì ń kọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé. Owó àjọ ìyá rẹ̀ ti wọ inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó ń dúró de èsì ìdánwò. Bébà kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ṣì wà nínú ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Gbági. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó funfun ni ó fi ń ṣírò gbèsè àwọn oníbàárà.